Iṣẹ́ Wo Ni Wọ́n Ṣe Níbẹ̀? Bí Orúkọ Ìlú Ṣe Ń Ta Ọjà fún Wa

Tòkúnbọ̀, orúkọ ọmọ ni látilẹ̀wá: ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé wálé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ní Ọlá-Ìyá ní Òṣogbo lónìí tí ẹ ní tòkúnbọ̀ lẹ ń wá, ọkọ̀, fíríìjì tàbí táyà ni wọn yóò fi hàn yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti polówó ọjà náà kí ẹni tó ń tà á tó la ẹnu. Kò sọ ọdún tí wọ́n ṣe é, kò sọ iye ìgbà tó ti bàjẹ́ rí, kò sọ irú ọwọ́ tó lò ó. Òkun tó là kọjá nìkan ló sọ, ìyẹn nìkan sì tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti fa owó yọ.

Agbára tí orúkọ ìlú ní lórí ojú tí a fi ń wo ọjà ni àlàyé yìí dá lé, àti bí àwọn tó ń ṣe ìpolówó ṣe ń lo agbára náà. Ohun tó ń mú ọ̀rọ̀ náà rú èèyàn lójú ni pé orúkọ ìlú lè wà lára ọjà fún ìdí márùn-ún tí kò jọra. Ó lè jẹ́ ìlú tí ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ ọjà náà fi ṣe ibùjókòó. Ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣe àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀, ibi tí wọ́n ti tò ó pọ̀, tàbí ibi tí wọ́n kàn ti dì í sí páálí. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tó yẹ kéèyàn mú dání lọ sọ́jà: iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ṣe ní ìlú tí wọ́n dárúkọ yìí?

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọjà òyìnbó. Ẹ wo gàrí Ìjẹ̀bú. Ohun tó jẹ́ kó kan ni pé wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin wà nínú àpò fún ọjọ́ púpọ̀ sí i kí wọ́n tó yan án, wọ́n á sì yan án gbẹ dáadáa. Bí obìnrin kan ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo níbí, bá ṣe ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, gàrí tó máa kan lẹ́nu bíi ti Ìjẹ̀bú ló máa rí, bí kò tilẹ̀ dé Ìjẹ̀bú rí. Orúkọ ìlú ti di orúkọ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe nǹkan. Dòdò Ìkirè náà nìyẹn: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rọ̀, ata, àti epo pupa, tí wọ́n dín títí tó fi dúdú. Aṣọ tó ń jẹ́ kàǹpálà tiẹ̀ ń jẹ́ orúkọ olú ìlú Uganda, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwọn aláró wa níbí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń jáde. Ìdí nìyí tí ìbéèrè wa kì í fi í ṣe “níbo ló ti wá?” lásán.

Orúkọ tó burú lè di orúkọ tó dára

Ní ọdún 1887, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lórí àmì tí wọ́n ń fi sára ọjà. Lára ohun tó ń dùn wọ́n ni pé àwọn kan ní Jámánì ń ṣe ọ̀bẹ àti sísọ́ọ̀sì olówó pọ́ọ́kú, wọ́n á wá kọ Sheffield sí i lára, ìyẹn ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú iṣẹ́ irin. Òfin náà wá ní kí ọjà òkèèrè tí àmì ara rẹ̀ bá lè jẹ́ kéèyàn rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é sọ ibi tó ti wá gan-an. Bí “Made in Germany” ṣe délẹ̀ nìyẹn. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ṣe: ẹ ṣọ́ra, Jámánì ló ṣe é. Àwọn ará Jámánì tún iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣe, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí ìkìlọ̀ náà fi di ìyìn. Lónìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọlọ́jà ń fi lé owó lórí.

Jàpáàn rin ọ̀nà kan náà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ohun ìṣeré ọmọdé tó ń tètè fọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà mọ orúkọ Jàpáàn mọ́. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Tokyo ní 1946 ń jẹ́ Tokyo Tsushin Kogyo. Ní 1958 ó yí orúkọ padà sí Sony, orúkọ kúkúrú tó rọrùn fún gbogbo ayé láti pè, tí kò sì sọ ìlú kankan. Ní Nàìjíríà níbí, ìgbà kan wà tí “Táíwàn” jẹ́ èébú fún ọjà tí kò ní pẹ́ bàjẹ́. Lónìí, Táíwàn ni ilé iṣẹ́ TSMC wà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ṣípù tó ga jù lágbàáyé, títí kan èyí tó wà nínú iPhone.

Ẹni tó ń fi orúkọ ìlú ra ọjà máa ń fi ìròyìn àná ra ọjà òní. Ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ohun tí a gbà gbọ́ nípa ìlú kan tó bá ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ dọ́gba.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́kàn ẹni tó ń rajà

Ìdánwò kan tí olùwádìí kan, Robert Schooler, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1965 fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Guatemala, ilẹ̀ kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ní omi èso àti ègé aṣọ. Omi èso kan náà ni, aṣọ kan náà sì ni. Orúkọ ìlú tí wọ́n kọ sí wọn lára nìkan ló yàtọ̀. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n kọ El Salvador tàbí Costa Rica sí lára kò rí ojú rere tó àwọn tí wọ́n kọ Guatemala tàbí Mexico sí. Ahọ́n tọ́ nǹkan kan náà wò, ọkàn ti dájọ́ ṣáájú.

Ọ̀nà mẹ́ta ni orúkọ ìlú máa ń gbà wọ ọkàn, ó sì dára kéèyàn yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ìpolówó kan lè dojú kọ ọ̀kan kó má fọwọ́ kan ìyókù.

Àkọ́kọ́ ni pé a ń lò ó bí ẹ̀rí dídára. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ ló ń gbára lé e jù. Mẹkáníìkì tó ti tú ẹ́ńjìnnì bíi igba máa ń wo nọ́ńbà ara ẹ̀yà ọkọ̀, á gbé e wọ̀n lọ́wọ́, á wo bí ó ṣe dán, ẹni tó ni ọkọ̀ á kàn bi í pé, “Ṣé ti Jàpáàn ni?” Fún ẹni tí kò mọ̀, orúkọ ìlú dà bí aṣọ tó bo gbogbo ọjà náà. Fún ẹni tó mọ̀, ó jẹ́ àkójọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Bí ewu ọjà ṣe pọ̀ tó tún wà níbẹ̀: iyọ̀ kò ní kí a béèrè ìlú tó ti wá, ṣùgbọ́n a ó béèrè ti oògùn àti ti búrẹ́kì. Ìbáramu tún wà níbẹ̀. Faransé ń ta lọ́fínńdà, Switzerland ń ta aago, Jámánì ń ta ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá kọ “lọ́fínńdà Jámánì” sára ìgò, orúkọ tó ń lé owó ọkọ̀ sókè yẹn kò ní ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ìmọ̀lára: ìfẹ́, ìlara, ìbínú. Ní 1998, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Klein, Ettenson àti Morris, gbé iṣẹ́ kan jáde nípa àwọn ará Nanjing ní Ṣáínà, ìlú tí àwọn ọmọ ogun Jàpáàn ti pa èèyàn lọ rẹpẹtẹ ní 1937. Wọ́n rí i pé ìbínú yẹn ń dí àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti ra ọjà Jàpáàn láìjẹ́ pé wọ́n sọ pé ọjà náà kò dára. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti ń kùnà: wọ́n ń pariwo dídára fún ẹni tó ti gbà pé ọjà náà dára, àmọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò fà sí ẹni tó ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni ojúṣe: èrò pé ó tọ́ kí n ra ti ilé. Àwọn olùwádìí méjì, Shimp àti Sharma, ṣe ìbéèrè 17 ní 1987 láti fi wọn bí èrò yìí ṣe lágbára tó lọ́kàn èèyàn. Ìpolówó tó ń sọ pé “ọmọ Nàìjíríà, ra ti Nàìjíríà” orí èyí ló ń lù. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ bí ọjà náà bá ń já èèyàn kulẹ̀. Èèyàn á ra a lẹ́ẹ̀kan nítorí ìlú. Nítorí ara rẹ̀ ló máa fi rà á lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ìpolówó ṣe ń mẹ́nu kan ìlú láìdárúkọ rẹ̀

Kò pọn dandan kí ìpolówó pa irọ́. Ó lè fi àwọ̀ àsíá ìlú kan kun páálí. Ó lè fi àwòrán òkè tí yìnyín bò sí ẹ̀yìn agolo wàrà. Ó lè mú orúkọ tó ń dún bí èdè ibòmíì: Häagen-Dazs, orúkọ áísìkirímù tó jọ èdè Denmark, New York ni wọ́n ti hùmọ̀ rẹ̀, kò sì ní ìtumọ̀ kankan ní èdè Denmark. Ó sì lè lo ojú àti ohùn. Èyí wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà débi tí àjọ ARCON, tó ń mójú tó ìpolówó, fi fòfin de lílo àwọn àjèjì gẹ́gẹ́ bí ojú tàbí ohùn nínú ìpolówó tí wọ́n bá ṣe fún wa, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Ìpinnu tó dára ni lójú tiwa. Ọmọ tó bá ń rí i lójoojúmọ́ pé ojú funfun ni wọ́n fi ń ṣe ẹlẹ́rìí ọṣẹ kò ní pẹ́ gbà pé ohun tó dára ibòmíì ló ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká gbé páálí áyọ́ọ̀nù kan lójú ìsọ̀ ní Orísúnbáre, ká yí i po díẹ̀díẹ̀. Lójú rẹ̀ gangan, lẹ́tà ńlá: “German Technology”, pẹ̀lú ìlà dúdú, pupa àti wúrà. Ọ̀rọ̀ yìí kò sọ pé ẹnikẹ́ni ní Jámánì fọwọ́ kàn án. “Technology” kì í ṣe iṣẹ́, èèyàn kò sì lè lọ wò ó níbì kankan. Ní ẹ̀gbẹ́: “Designed in Germany”. Èyí sọ iṣẹ́ kan, yíya àwòrán rẹ̀, kò sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ wá dojú páálí náà délẹ̀. Nídìí rẹ̀, ní lẹ́tà tó kéré bí èèrà: “Made in P.R.C.” Ṣáínà náà ni P.R.C.; bí wọ́n bá ti ké orúkọ náà kúrú báyìí, ojú máa ń tètè fò ó. R.O.K. ni Kòríà Gúúsù, R.O.C. sì ni Táíwàn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni ẹ máa rí lẹ́tà CE. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé “China Export” ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe ọjà ló ń fi í sọ pé ọjà òun bá òfin ààbò ilẹ̀ Yúróòpù mu, kò sì sọ ìlú kankan. Àwọn ìlà dúdú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kà náà ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ọ́fíìsì tó fún ilé iṣẹ́ náà ní nọ́ńbà: 615 ni Nàìjíríà, 690 sí 699 ni Ṣáínà, 400 sí 440 ni Jámánì. Ilé iṣẹ́ Jámánì tó bá ń ṣe ọjà rẹ̀ ní Vietnam ṣì lè máa lo 400. Nítorí náà, ẹ má fi í dá ẹjọ́ ibi tí wọ́n ti ṣe nǹkan.

Pé Ṣáínà ló ti wá kò sọ áyọ́ọ̀nù náà di ayédèrú o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó wà lára iPhone ni “Designed by Apple in California. Assembled in China.” Ìlú kan náà ló ń to fóònù olówó gọbọi pọ̀ tó sì ń ṣe ṣájà tó ń jóná lọ́sẹ̀ kejì. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú iye tí ẹni tó ni orúkọ san, àti bí ó ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bóyá áyọ́ọ̀nù yẹn máa pẹ́, ẹ wo àkọlé ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe páálí: ó yẹ kó ní iye wáàtì, kó ní 220–240 V àti 50 Hz. Ẹ wo bóyá àdírẹ́sì ẹni tó kó o wọlé wà níbẹ̀, àti bóyá ìwé ẹ̀rí àtúnṣe rẹ̀ dárúkọ ibi tí ẹ lè gbé e lọ.

Ibì kan wà tí ìlú ti ṣe pàtàkì ní tòótọ́, àwọn olùpolówó kì í sì í sọ ọ́. Iná sọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 120 V; tiwa jẹ́ 230 V. Blẹ́ńdà tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà tí ara rẹ̀ sọ 120 V nìkan máa jóná níṣẹ̀ẹ́jú tí ẹ bá ti kì í bọ iná, àyàfi bí ẹ bá fi tiransifọ́mà sí i. Ti Ìlú Ọba kò ní ìṣòro yẹn. Ní ti táyà tòkúnbọ̀, ìlú kò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára rẹ̀: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Rọ́bà máa ń gbó kódà bí wọn kò bá lò ó, ògo Jámánì kankan kò sì lè dá a padà sí èwe.

Ti ilé tó wọ aṣọ òkèèrè, ti òkèèrè tó wọ aṣọ ilé

Indomie, tí ọ̀pọ̀ ọmọdé rò pé ọjà Nàìjíríà pátápátá ni, orúkọ Indonesia ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é níbí bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1995. Guinness ń gbé orúkọ Ireland káàkiri, bẹ́ẹ̀ Ìkẹjà ni wọ́n ti ń pọn ọ́n láti 1962. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn. Orúkọ ni wọ́n rà, iṣẹ́ wà nílé.

Ti ìrẹsì yàtọ̀. Àwọn kan máa ń da ìrẹsì ilẹ̀ wa sínú àpò tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ ti òkèèrè, nítorí pé àkọlé yẹn ń mú owó wá. Ẹni tó gbin ìrẹsì náà kò rí ògo rẹ̀, ẹni tó jẹ ẹ́ kò sì mọ̀ pé ti ilé ló dùn mọ́ òun lẹ́nu. Ẹ wo ẹnu àpò: bí ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí wọ́n fi rán an báyìí, wọ́n ti tú àpò náà rí.

Ti áńkárá ń bẹ ní etí aṣọ. Vlisco, tó ti wà ní Helmond ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì láti 1846, máa ń tẹ “Guaranteed Dutch Wax Vlisco” tàbí “Veritable Wax Hollandais Vlisco” sí etí aṣọ rẹ̀. Aṣọ mìíràn tí wọ́n tẹ̀ níbòmíì á kọ ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́, á ní “Dutch” àti “Wax” nínú, àmọ́ ẹ ò ní rí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Ojú tó ń sáré á rí “Dutch”, á sì dúró síbẹ̀. Ẹ ka etí aṣọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó ná an. Lẹ́yìn náà, ẹ yí aṣọ náà padà: wax gidi máa ń mú àwọ̀ já sí ojú méjèèjì.

Bí Òṣogbo ṣe lè kọ orúkọ ara rẹ̀

Òṣogbo ìlú aró ni, orúkọ yẹn sì níye lórí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti ń tẹ àwòrán àdìrẹ sí aṣọ ní ilé iṣẹ́ òkèèrè, wọ́n sì ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọwọ́ ní iye tí aláró kò lè bá dù. Ẹni tó fẹ́ dá wọn mọ̀ kí ó wo ìbáradọ́gba. Iṣẹ́ ẹ̀rọ máa ń tún ara rẹ̀ ṣe láìyẹ̀ bí irun kan. Nínú iṣẹ́ ọwọ́, ẹyẹ kejì kì í jọ ẹyẹ kìíní tán. Ní ẹ̀yìn aṣọ, iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣì máa ń funfun, nígbà tí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ìkòkò aró máa ń mu aró síwá sẹ́yìn.

Ohun tí àwọn aláró wa ń ṣì ṣe ni pé wọ́n ń kọ “Made in Nigeria” nìkan sára ìwé pélébé. Ìyẹn ń bá ẹ̀mí ojúṣe sọ̀rọ̀, kò sì sọ ìdí tí àdìrẹ fi gbówó lórí ju ti ẹ̀rọ lọ. Ohun tó ń ta ọjà ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ìlú tó mọ iyì orúkọ rẹ̀ kì í jẹ́ kó lọ lásán: láti 2017, òfin Switzerland sọ pé ọjà ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi ṣe é ní ilẹ̀ náà kó tó lè jẹ́ ti Switzerland, ti oúnjẹ jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n èròjà rẹ̀. Ní ti wa, òfin tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ ní 2018 ka àkọlé tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà léèwọ̀, NAFDAC sì fẹ́ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe oúnjẹ, oògùn tàbí ìpara lára rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ọṣẹ dúdú tàbí oyin ní Òṣogbo kò lè kọ “Òṣogbo, Nàìjíríà” lásán; kó kọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé.

Àìdáa mìíràn ni fífi iṣẹ́ tí a kò ṣe kún un. Tẹ́ẹ̀rù, aṣọ òwú funfun tí àwọn aláró ń rà, lè jẹ́ ti òkèèrè. Bí ẹ bá ní ohun gbogbo ti Òṣogbo wá, tí oníbàárà wá rí i lẹ́yìn náà pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò ní gbà yín gbọ́ lórí aró mọ́. Bí aró bá sì jẹ́ oníkẹ́míkà, ẹ má kọ èlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró ìbílẹ̀, sí i. Àkọlé tó pé lè rí báyìí:

“Àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Aṣọ: òwú, láti Ṣáínà. Láfún la fi yà á, ìyẹ́ adìyẹ la fi kọ ọ́, aró èlú la rẹ ẹ́ sí lẹ́ẹ̀mẹfà, ní Òṣogbo. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nígbà méjì àkọ́kọ́, kí ẹ sì sá a sí ibòòji.”